Ohùn Tí Doreen Gbé Lọ

Red Carr. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Red … Ó tún ti gba iwájú ẹnu jáde, láàárín eyín, bí ohùn àwọn tó ń ka ìròyìn. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ló yẹ kó ti wá, níbi tí tíì gbígbóná ti máa ń ta èèyàn. Tún un pè. Red Carr. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní báyìí ńṣe ló dà bíi pé mò ń sín arúgbó kan jẹ.

Èmi náà arúgbó ni. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ta wá ni mò ń sín jẹ?

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù. Gillian, ọmọ àbúrò mi, ló mú mi wá sínú yàrá kékeré yìí. Ó ní kí n jókòó, kí n wo ìwé mi, kí ọkàn mi balẹ̀, pé òun á wá pè mí bí wọ́n bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àga mẹ́ta, tábìlì kan, àpótí pépà ìnujú lórí tábìlì. Fèrèsé náà kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ní Guildford mọ́ tónítóní bí ilé oníṣègùn eyín. Doreen wà ní yàrá kejì, nínú pósí. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti àbúrò mi.

Ògiri kan … Má ro ìyẹn. Wo ìwé rẹ.

Orúkọ àpáta mẹ́sàn-án. Doreen fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú, láti àríwá sí gúúsù, bí bàbá wa ṣe kọ́ wa. Red Carr, Marrow Rigg, Brockan, Farrer's Bed … Abẹ́ omi ni wọ́n wà, níwájú Harrowick ìlú wa, níbi tí à ń dẹ ìgèrè alákàn sí. Mo mọ̀ wọ́n ju orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ wọ́n. Ohùn ni … ohùn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ni mi ò rí.

"Ẹ̀yin ni Màmá ní kó kà á níbi ìsìnkú wọn, Àńkù Ewart," Gillian sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Wọ́n ní kí ẹ kà á bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn gan-an. Bí wọ́n ṣe ń pè é nílé."

Mo ní kí ló wá le nínú ìyẹn. Èmi tí mi ò gbé ibòmíì rí. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kú, mo dúró ní pálọ̀ mi, mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì ń dùn díẹ̀ lábẹ́ ẹkún. Mo ní ṣé ó ti rí i báyìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ó ti gbà pé èmi ni mo jàre.

Jàre kí ni? Kí ni mo jàre lé lórí?

Nítorí ohùn yìí la ṣe jà. Rárá, sọ ọ́ bó ṣe rí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹ níbí. Ẹ ò jà. Ìwọ lo …

Marrow Rigg. Marrow …

Gbogbo wa la ní ohùn náà. Bàbá wa, ìyá wa, Ralph ẹ̀gbọ́n mi tí òkun gbé lọ, èmi, Doreen tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Orúkọ ìdílé wa pàápàá, Renner, r ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, r ló sì parí rẹ̀, inú ọ̀fun la sì ti ń fa méjèèjì wá. A ò mọ̀ pé a ń ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ là ń sọ. Ìgbà tí Doreen wọ iléèwé ńlá ni wọ́n tó sọ fún un pé àrùn ni. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Aldous. Ó máa ń dá a dúró láàárín kíláàsì.

"Renner, ṣé nǹkan há ọ lọ́fun ni? Bu omi mu, kí o tún un kà."

Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Ó sì sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kò sí ibi iṣẹ́ kankan tó máa gba ọmọbìnrin tó ń kùn bí ọ̀pọ̀lọ́. Doreen ló sọ ọ́ fún ìyá wa, mo gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ìbínú ló bá a wá sílé. Èmi ti fi iléèwé sílẹ̀ ní tèmi. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú r tí mò ń pè lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú omi. Alákàn kì í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ahéré tí a ń kó àwọ̀n sí. Lọ́sàn-án, bó bá ti dé láti iléèwé. Mo wà lẹ́yìn ahéré náà lọ́jọ́ kan, mo ń tún okùn ìgèrè ṣe, pákó fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wa. Mo gbọ́ ọ. R. R. R. Iwájú ẹnu, iwájú ẹnu, ó yọ́ sẹ́yìn, ó gbá a padà. Mo yọjú láti ibi tí pákó ti là. Dígí tí bàbá wa fi ń fá irùngbọ̀n ló gbé dání. Ó la ẹnu, ó ń wo ahọ́n ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá egungun ẹja. R. R. Títí ohùn fi há, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì dákẹ́, ó ń sunkún, ó ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Mo ká okùn mi. Mo lọ sídìí ọkọ̀. Mi ò wọlé tọ̀ ọ́. Kí ni ǹ bá sọ?

O lè sọ pé, "Doreen, fi sílẹ̀." Ìyẹn náà ì bá tó …

Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó fẹ́ ọkùnrin kan ní Guildford níhìn-ín, Alan, onísùúrù èèyàn, òun náà ti kú. Bó bá ti ń wá sílé, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń fúyẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ìyá wa a máa sọ pé, "Ó ń sọ̀rọ̀ bí ìwé," kò sì burú lẹ́nu ìyá wa, ó fi ń yangàn ni. Èmi ló ń dùn. Kí ló dé tó fi ń dùn mí? Mo rò pé ó ń wò wá láti òkè. Mo rò ó títí ó fi di òtítọ́ lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn náà, ìyá wa kú. Ọdún 1986. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ há láàárín, tíì nínú kọ́ọ̀bù funfun. Doreen dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ wú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó se oúnjẹ. "Ìsìn náà dára púpọ̀. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni." Pẹ̀lú ohùn yẹn. Ohùn tó mọ́ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Èmi náà gbé kọ́ọ̀bù. Mo na ìka ọmọńdinrín mi sókè. Mo ní, "Ìsìn náà mà dára púúúpọ̀ o," mo fi imú sọ ọ́, mo fi iwájú ẹnu sọ ọ́, mo yí ojú. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ti ń sunkún láti àárọ̀, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ẹ̀rín wọn. Mo tún fi kún un.

"Bí ìyá wa bá jí dìde báyìí, kò ní mọ ohùn rẹ mọ́."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Doreen gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó sún mọ́ mi tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó sọ.

"Ìwọ, Ewart? Ìwọ tó gbọ́ mi nínú ahéré?"

Ó mọ̀. Gbogbo ọdún yẹn ló ti mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn pákó. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó lọ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò, kò sì padà sí Harrowick mọ́ títí … títí di pósí tó wà níyàrá kejì yìí. Káàdì Kérésì ló ń fi ránṣẹ́. Nancy ìyàwó mi ló ń dá a lóhùn.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Farrer's Bed. Ó sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ sún mọ́ ọn. Ó tún bọ́.

Bí mi ò bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn láàárọ̀ yìí, ǹ bá ti wọlé lọ kà á bí mo ṣe ń kà á yìí, ǹ bá sì máa rò pé ohùn ilé ni mo fi kà á. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Ǹ bá má mọ̀.

Gillian ló gbé e jáde lẹ́yìn tí a jẹun tán nínú kíṣìnnì rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìwé ara rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá ni mo ti rí i. Mo rò pé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ." Mo rántí. Obìnrin kan láti yunifásítì ló wá sí Harrowick lọ́dún 1969, ó gbé ẹ̀rọ ńlá sórí tábìlì ìyá wa, ó ní òun ń gba ohùn àwọn èèyàn etíkun sílẹ̀ kó tó parẹ́. Bàbá wa rò pé orí rẹ̀ kò pé. Ó parẹ́ lọ síbo?

Gillian tẹ bọ́tìnnì. Ariwo ṣààà kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀.

"Bí kùrukùru bá bo Red Carr, má wò ó. Tẹ́tí sí i. Òkúta yẹn máa ń mí. Bó bá mí lápá òsì rẹ, o ti wà láyè nìyẹn."

Àwọn r yẹn … Wọ́n nípọn. Wọ́n ń yí nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́ tí ìgbì ń fà padà. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti … mi ò lè sọ ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Omi lé sí mi lójú. Mo fọwọ́ bo ojú níwájú ọmọ yẹn.

Mo ní, "Ralph nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Jọ̀ọ́, dá a padà, jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Gillian ò dá a padà. Ó ń wò mí. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ. Bàbá wa ló sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, ó ń rẹ́rìn-ín:

"Ewart, dákẹ́ díẹ̀, jẹ́ kí màdáàmù mu tíì wọn."

Ewart.

Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Ó ti kú láti ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, òun ló sọ fún mi pé ẹni tí mò ń sunkún lé lórí kò kú, pé ó jókòó sínú kíṣìnnì ní Guildford pẹ̀lú ẹ̀rún búrẹ́dì lórí ṣòkòtò rẹ̀. Mo jókòó bẹ́ẹ̀. Mi ò dá ohùn ara mi mọ̀. Mo gbọ́ ọ tán, mo pè é ní òkú.

Nígbà wo ló lọ? Ta ló gbà á? Mi ò lọ síbì kan. Ilé tí wọ́n bí mi sí ni mò ń gbé. Kò sí Aldous tó dá mi dúró …

Fèrèsé alákàn ni. Àbí? Lẹ́yìn tí mo fi òkun sílẹ̀, tí mo ń ta alákàn sísè lójú fèrèsé fún àwọn tó ń wá gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ má bínú, kí lẹ wí?" Lákọ̀ọ́kọ́ mo máa ń tún un sọ bó ṣe wà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ń rọra sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo ń gé r sọnù fún wọn kí ìlà lè tètè rìn. Mo rò pé mò ń bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà òjò ni, pé bí mo bá wọlé màá tún un wọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé, Sunderland ni Nancy ti wá, ohùn tirẹ̀ yàtọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mi nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ra. Àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ bí tẹlifíṣọ̀n. Ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà létí èbúté, mẹ́rin péré ló ń tanná nígbà òtútù. Lẹ́yìn tí Wilf Harle ọ̀rẹ́ mi kú, ta ni mo tún ń bá sọ ọ́? Wilf nìkan ló kù tí mi ò ní láti tún ọ̀rọ̀ sọ fún.

Àti àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ní Kérésì. "Bàbá àgbà, ẹ ṣe ohùn yẹn fún wa." Mo ṣe é. Mo na ọ̀fun mi bí ewúrẹ́, mo yí ojú, wọ́n ń ṣubú lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe é. Ojú yẹn … ojú tí mo yí sí Doreen ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń yí sí ara mi, mo sì rò pé eré ni.

Ọkọ̀ gígùn dúdú kan ń jáde lọ ní ìta. Òkú ẹlòmíì ni. Tiwa ló kàn.

Nínú kíṣìnnì láàárọ̀, Gillian bu tíì sí i fún mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá ó yẹ kóun sọ ọ́.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé Màmá máa ń sọ ọ́?"

"Sọ kí ni?"

"Ohùn ilé. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tan kásẹ́ẹ̀tì yìí, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á pè é tẹ̀ lé yín. Wọ́n á dá a padà, wọ́n á tún un pè. Mo rò pé wọ́n ń ṣeré ni. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ń bó ọ̀dùnkún, bí wọ́n bá ń bá ológbò wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Bàbá mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Tẹ̀ lé mi?"

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí wọ́n fi wà nílé ìwòsàn, wọn ò sọ òmíràn mọ́. Nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn wọn ti ń dàrú. Mo ní kó pa á rẹ́. Mo ní ọkàn wọn pé, kìkì pé àwọn nọ́ọ̀sì ni ò gbọ́ wọn."

Doreen. Pẹ̀lú dígí bàbá wa. Ó lọ, ó gbé e lọ. Èmi tí mo dúró tì í ni mo sọ ọ́ nù … Ó jókòó síbí, nílùú tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ ọ, ó ń kọ́ ohun tí wọ́n fi ẹkún gbà lẹ́nu rẹ̀, r kan lẹ́yìn èkejì. Ẹnu mi ló ti kọ́ ọ. Ẹnu tí mo fi sín in jẹ, kó tó di ẹnu yẹn.

Kí ló dé? Ológbò ni ó ń sọ ọ́ fún? Èèyàn kì í kọ́ èdè tán kó má ní ẹni tó fẹ́ …

Dúró.

Dúró ná. Ọjọ́ Sunday yẹn. Oṣù kẹrin, ọdún méjì sẹ́yìn. Nancy ti kú, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù fún mi mọ́. Oòrùn wà lórí tábìlì, mo ń fọ abọ́. Mo nu ọwọ́, mo gbé e. Ohùn kan, ohùn obìnrin, ó ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá, ó nípọn, ó ń gbọ̀n díẹ̀.

"Ewart Renner? Ṣé ìwọ nìyẹn, hínnì?"

Hínnì. Bí ìyá wa ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ bó bá fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ pé Doreen ni. Èjìká mi gbóná. Mo ní ó dáa, ó ti dé, ó ti ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó wá san án padà fún mi. Ó ń fi mí ṣe ohun tí mo fi í ṣe ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "O ti gbẹ̀san. Ó tó." Mo sì gbé fóònù kalẹ̀. Ó tún dún. Mo padà sídìí abọ́, mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Kò pè mí mọ́.

Mo sọ ọ́ fún Wilf lọ́jọ́ kejì. Wilf ní mo ṣe dáadáa.

Ilẹ̀kùn ti ṣí. Gillian ni, ó wọ dúdú, ó fọwọ́ mú ọwọ́ ilẹ̀kùn. "Àńkù, wọ́n ti ṣe tán. Ṣé ẹ ti ṣe tán?" Ojú rẹ̀ jọ ti Doreen gan-an. Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò tíì dìde.

Ọdún mélòó ló fi kọ́ ọ kó tó dá a lójú pé ó dára tó kí n gbọ́ ọ? Ta ló tún kù láyé tó lè gbọ́ ọ, yàtọ̀ sí mi?

Kò sín mi jẹ. Ó ń kí mi ni.